Ọjọ́ Tí Apá Rẹ Jóná, Mo Tún Gbé E Mì

Òsí,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kẹ́mi ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí mo fi ojú ara mi rí ọ ní ọjọ́ Ajé, nínú aṣọ funfun rẹ, tí ohùn rẹ ń dún ju ti gbogbo èèyàn tó wà ní ilé ìwòsàn yẹn lọ. Nítorí náà n kò ní béèrè àlàáfíà rẹ. Inú ń bí mi. Láti ọjọ́ Ajé ni inú ti ń bí mi. Mo fi roko ilá, mo fi fọ aṣọ bàbá rẹ, mo fi gbààwẹ̀ ọjọ́ kan, kò lọ. Ìdí tí mo fi mú bíírò nìyẹn.

Yorùbá ilé ìwé ni mò ń kọ sí ọ. Ká ní ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ ni, èdè ulé wa ni ì bá máa jáde, wàá sì mọ̀ pé kò sí eré níbẹ̀. N kò tún pè ọ́ lórí fóònù mọ́ torí pé nígbà tí mo pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, o kò jẹ́ kí n sọ gbólóhùn méjì tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́tà lo máa kà báyìí, o kò sì lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Jókòó, kó o kà á dé ìparí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kó o má baà sọ pé àwọn kan ló wá rojọ́ rẹ fún mi. Mo wá kí ọ ní Ìlọ́fà ni. O ti lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì tíì fi ojú kan ibẹ̀ rí. Mo gbé ẹ̀wà àti dòdò dání nínú kúlà. Mo rí i pé èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ni mo bá jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn àwọn aboyún, kí n má baà dí ọ lọ́wọ́. Mo ń yọ̀ nínú ara mi pé ọmọ tí mo bí ló ń pe orúkọ àwọn èèyàn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń dìde fún un. Ìgbà yẹn ni Fẹ́mi ọlọ́kadà wọlé, Fẹ́mi tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ń tiro. Ó fi àkísà di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, àkísà náà sì ti gan mọ́ egbò.

O bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní ọ̀kadà ló gbé òun ṣubú lójú ọ̀nà Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀. O wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. O ní, "Kí lo lò?" Ó wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. O tún bi í. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Tramadó ni, nọ́ọ̀sì. Mẹ́rin."

O ju bíírò sórí tábìlì. "Ṣé o kò mọ̀ pé ó ń pa ọ́ ni?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń gbé e mì! Ẹni tó mọ̀ tó ṣì ń ṣe é, kì í ṣe aláìsàn, òmùgọ̀ ni. Lọ bá ẹni tó tà á fún ọ, kó bá ọ wẹ egbò."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Fẹ́mi mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò bú ọ. Àkísà yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó wọlé. Èmi náà gbé kúlà mi, mo gba ẹ̀yìn jáde, o kò sì rí mi.

Fẹ́mi ti ń lọ sí ogójì ọdún, Kẹ́mi. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì. Ìwọ tí o kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ń pè é ní "o" àti "ìwọ" lójú àwọn èèyàn. N kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwé nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ tí ìwé ẹ̀rí kò lè dá padà.

Nígbà tí mo sì pè ọ́, kí lo sọ? O ní, "Màmá, ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀? Ó wà lára páálí rẹ̀. À ń sọ fún wọn, pásítọ̀ ń wàásù rẹ̀, rédíò ń pariwo rẹ̀. Kí ni kí n ṣe fún ẹni tó mọ̀?" O sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ti borí nínú ọ̀rọ̀.

Èébú lo fi ṣe, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń ba òun jẹ́ kò fi í sílẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín àti ọpọlọ, ó sì jọ pé wọn kò kọ́ ọ ní èyí. Èmi máa dá ọ lóhùn. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ torí pé mo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i tí ojú rẹ bá ń tàn ọ́. Èmi ìyá rẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́, gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, irú kápúsù tí Fẹ́mi ń gbé mì yẹn gan-an. Ìwọ wà láyé nígbà náà. Ẹ̀yìn mi lo wà.

O mọ̀ pé ẹnì kan ṣáájú rẹ. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ o mọ̀. Ìbùkún ni orúkọ rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló lò. Ibà mú un ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti sin ín. Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ọmọdé ṣì ni mí, màá tún bí. Mo sì gbọ́ tiwọn. Mo gbé ẹkún náà mì.

Lẹ́yìn náà mo bí ọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rọbí rẹ, láti ìgbà náà sì ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí, bí ẹni pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ ìbàdí mi. Ìlọrin ni bàbá rẹ ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, Sátidé ni wọ́n ń wálé. Èmi ni mò ń tu ẹ̀gẹ́, tí mò ń bó o, tí mò ń rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, tí mo sì ń jókòó ti agbada gàrí láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yí. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, o ń sunkún. Lọ́jọ́ kan, n kò lè dìde mọ́ lórí àpótí. Obìnrin kan wà tí a jọ ń din gàrí, Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pè é. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú kápúsù kan jáde. Ó ní, "Gbé èyí mì. Wàá gbàgbé pé o ní ẹ̀yìn."

Mo gbàgbé pé mo ní ẹ̀yìn. Kẹ́mi, mo gbàgbé Ìbùkún náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo sọ yẹn, nǹkan tó wúwo yẹn kúrò láyà mi. Mo din gàrí àpò kan tán, mo sì ń kọrin. Mo gbé ọ sókè, mo bá ọ ṣeré, o rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́. Àwọn aládùúgbò ní, "Ìyá Kẹ́mi, kí lo jẹ lónìí?"

Nítorí náà, ohun kìíní tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwọn èèyàn tó ń wọlé sí ọ yẹn ni pé nǹkan náà ṣe wọ́n lóore lọ́jọ́ kan. Má ṣe dúró níwájú wọn kó o máa sọ pé májèlé lásán ni. Wọ́n á mọ̀ pé o kò mọ ohun tó ò ń sọ. Ó bá wọn gbé ẹrù tí ẹnì kankan kò bá wọn gbé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹrù náà. Ìwọ kò bi Fẹ́mi. Egbò lo wò, ọwọ́ tó ń gbọ̀n lo wò. Ṣé o mọ̀ pé láti ìgbà tí iṣu rẹ̀ ti jẹrà lóko ló ti ń gun ọ̀kadà yẹn láti ìdájí, láìjẹun, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo? O kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi, torí pé mo béèrè.

Ọ̀kan di méjì. Méjì di mẹ́rin. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, kò dùn mọ́. Èyí ni ẹ̀yin tí ẹ kò mu ún rí kì í gbà gbọ́. Adùn náà tán kíákíá. Tí n kò bá rí i lò títí agogo mẹ́wàá àárọ̀, màá máa yán, omi á máa bọ́ lójú àti nímú mi, inú á máa run mí, ẹsẹ̀ mi á máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú eegun. Ìgbà yẹn, kí n tó lè dìde gbé ọ ni mo ṣe ń gbé e mì. Mo ń lò ó kí n lè dà bí ẹni tí kò lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá ń rò pé ayé là ń jẹ.

Ìmọ̀ tó ò ń sọ yẹn ńkọ́? Mo ní in. Mo ní in ju Fẹ́mi lọ, torí pé mo rí i. Ìyá Ṣadé tó fún mi ní àkọ́kọ́, ojú ọjà ló ṣubú sí ní ọ̀sán, níwájú mi. Ó ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń hó, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Kò jí mọ́. Mo wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tó pa á, torí pé ibi kan náà ni àwa méjèèjì ti ń rà á. Wàá rò pé mo kó tèmi dà sínú ṣáláńgá lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú, mo gbé méjì mì lójú ọ̀nà. N kò rí omi, itọ́ ni mo fi gbé e mì. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kò sì sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ tó ń lé ẹ̀rù lọ.

Ìdáhùn rẹ nìyẹn, ìwọ tó kàwé. Ìmọ̀ kò bá ìrora jà. Ikú tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìrora ti òwúrọ̀ yìí sì wà lára mi. Èyí tó wà lára mi ni mo dá lóhùn.

Mo ti ń lọ́ra láti kọ èyí tó kù. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ wo adìẹ tí kò ṣe nǹkan kan.

Àpá tó wà lápá òsì rẹ, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, tó o fi ń wọ aṣọ alápá gígùn lọ sí ilé ìwé. Wọ́n sọ fún ọ pé Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ni mo gbé ọ fún kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, pé wọ́n wojú ibòmíràn, o sì sáré lọ bá agbada. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sán gangan. O ti lé ní ọmọ ọdún méjì, o ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá Àgbà wá bá mi nídìí agbada, wọ́n ní, "Gbé ọmọ yẹn fún mi, mo rí i pé oorun ń kùn ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé ọ̀lẹ ni mí. Mo dá wọn lóhùn pé ọmọ mi ni, mo lè tọ́jú ọmọ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti já ewúro. Mo ti lo márùn-ún lọ́jọ́ yẹn. Igbá tí mo fi ń ro gàrí ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sùn lọ. Igbe rẹ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo lajú, apá rẹ wà nínú gàrí gbígbóná, o ń gbìyànjú láti yọ ọ́, o kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Màmá Àgbà ló sáré dé, wọ́n fà ọ́ yọ, wọ́n bu omi lé ọ lápá. Èmi dúró. Mo kàn dúró bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń ṣọ́ ọmọ yìí?" Mo ní, "Màmá ni mo gbé e fún." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, bíi pé mo ti ń kọ́ ọ sórí tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ yíjú sí ìyá wọn, wọ́n ní, "Màmá, ọmọ kan ṣoṣo, ẹ ò lè ṣọ́ ọ?" Màmá Àgbà wojú mi. Mo ń dúró kí wọ́n tú mi fó. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni."

Bàbá rẹ kò bá wọn jẹun fún oṣù mẹ́rin. Ìwọ náà, nígbà tó o dàgbà tó o gbọ́, o di í sínú. Ọdún tó o ń múra ìdánwò àṣejáde, mo ní kó o lọ pọn omi fún wọn, o ní o kò lè pọn omi fún obìnrin tó jẹ́ kó o jóná. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo lọ pọn omi náà fúnra mi, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Wọ́n ti kú báyìí, o kò wá jókòó tì wọ́n nígbà àìsàn wọn, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ó ku ibi tí mo fẹ́ kó o ti fi etí sílẹ̀ jù lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí apá rẹ jóná, lẹ́yìn tí wọ́n ti di ọ́ ní báńdéèjì tó o sì ń mí gùlegùle lórí ẹní, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mo gbé mẹ́ta mì. Ṣé mi ò mọ̀ ni? Òórùn awọ ara rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi! Mo gbé e mì torí pé mo mọ̀. N kò lè wà nínú ara obìnrin tó ṣe ohun tí mo ṣe, kápúsù yẹn nìkan ló sì lè gbé mi jáde kúrò níbẹ̀. Aburú tí nǹkan náà ṣe ló di ìdí tí mo fi tún ń lò ó. Tó o bá wá bá mi lọ́jọ́ yẹn, tó o pè mí ní òmùgọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ǹ bá gbà pẹ̀lú rẹ, ǹ bá sì lọ lo mẹ́fà. Ìtìjú tó o kó bá Fẹ́mi ní ọjọ́ Ajé, inú kápúsù ló lọ fi pamọ́ sí. Ìwọ lo fún un ní ìdí tuntun. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyí, kì í ṣe torí ìgbéraga rẹ nìkan.

Báwo ni mo ṣe wá bọ́? Àdúrà wà níbẹ̀, n kò ní sọ pé kò sí. Àmọ́ àdúrà náà gba ọwọ́ èèyàn kan wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń tọ́jú apá rẹ, Ìyá Nọ́ọ̀sì la máa ń pè wọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń pọ̀n ọ́ lọ. Wọ́n á tú báńdéèjì, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á bá ọ ṣeré kó o má baà sunkún jù. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Dúró ná. Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń dùn ọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, ọmọlójú rẹ kéré bí orí abẹ́rẹ́. N kò bi ọ́ léèrè ohun tó ò ń lò. Mo ní, kí ló ń dùn ọ́?"

Mo la ẹnu kí n sọ pé ẹ̀yìn ni, orúkọ Ìbùkún ló jáde. Mo sunkún débi pé ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán. Wọn kò wàásù. Wọ́n ní kí n má dá a dúró lójijì, torí ó lè mú kí n ṣubú lulẹ̀ kí n máa gbọ̀n bíi ti Ìyá Ṣadé. Wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n bá mi ṣètò bí màá ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì wá ìtọ́jú gidi fún ẹ̀yìn mi. Kí n tó jáde, wọ́n ní, "Ṣé wàá padà wá lọ́la?" Kò tán síbẹ̀. Mo tún ṣubú sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú tì mí láti lọ bá wọn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá. Wọ́n gun ọ̀kadà wá sílé wa. Wọ́n jókòó sórí àpótí gàrí mi, wọ́n ní, "Mẹ́lòó lo tún ti ń lò báyìí? Ó dáa. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀." Ó tó bí ọdún méjì kí n tó bọ́ pátápátá, àwọn ọjọ́ kan sì wà, títí di òní olónìí, tí ara mi ṣì máa ń béèrè rẹ̀. Ká ní ìwọ lo jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ náà, Kẹ́mi, ìwọ ì bá ti di ọmọ aláìníyàá.

Má rò pé mo ní kó o máa kẹ́ wọn. Inú ń bí mi sí Fẹ́mi náà. Ó gbé olùkọ́ kan sẹ́yìn nígbà tó ṣubú yẹn, Ọlọ́run ló yọ obìnrin yẹn. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ bí ẹni ń ta ẹ̀pà, tí wọ́n sì ń jókòó sí ìlà iwájú ní ìsìn. Inú ń bí mi sí àwọn ọlọ́ko tó ń pín in fún alágbàṣe kí wọ́n lè kọ ebè tó pọ̀ sí i, tí wọ́n á tún máa ṣépè fún wọn nígbà tí wọ́n bá ṣubú. Mo ń bínú sí àwa inú ìjọ tí a máa ń gbàdúrà fún wọn tán, tí a ó sì fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà. Bínú, ọmọ mi. Bínú dáadáa. Àmọ́ máa fi ọwọ́ wẹ egbò bó o ṣe ń bínú. Èèyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀. Tí ẹnì kan bá sì sọ òótọ́ fún ọ nípa ohun tó lò, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí ìwọ kò mọ ohun tó ná an láti sọ ọ́. Ọdún mélòó ni mo fi wá ẹni tí màá sọ tèmi fún! Má sì ṣe ka ìṣubú wọn. Ìgbà tí wọ́n padà wá ni kó o máa kà.

Mo lọ sílé Fẹ́mi lánàá. Ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ó ń rùn. Mo fi omi gbígbóná rọ àkísà yẹn kúrò, mo wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ju agbára mi lọ. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní, "Màmá, mi ò lọ. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni mí. Bóyá òótọ́ sì ni." Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ní ẹnu ọ̀nà. Ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí mo kọ sí ọ yìí fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìtàn ni mò ń pa láti tù ú nínú. Nígbà tí mo dé ibi itọ́ tí mo fi gbé e mì, ó ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti fi itọ́ gbé e rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò lè lọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ tí nọ́ọ̀sì bá wá sílé òun, òun ò ní lé e jáde.

Ìyá Kọ̀ńdọ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Ìlọ́fà ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ọ̀la. Wọ́n á dúró dè ọ́. Bẹ ọ̀gá rẹ, kó o kó ohun tí wọ́n fi ń wẹ egbò àti oògùn tó yẹ, kó o sì tẹ̀lé wọn padà. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà Fẹ́mi, kúnlẹ̀ kí i, kó o sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín." Lẹ́yìn náà kó o bi í ní ìbéèrè tí Ìyá Nọ́ọ̀sì bi mí, kó o sì pa ẹnu rẹ mọ́ títí yóò fi dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá sílé. Mo sọ fún bàbá rẹ láàárọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n lọ sí ibojì ìyá wọn, wọ́n ń ro koríko ibẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. N kò mọ bí wọ́n ṣe máa rí tí wọ́n bá dé. Ìwọ náà, ohunkóhun tó o bá fẹ́ bi mí, bi mí, màá dá ọ lóhùn. Tí o kò bá fẹ́ jẹun nílé mi, n kò ní fi ṣe ẹ̀sùn. Tí o kò bá fẹ́ wọlé rárá, dúró ní àgbàlá kó o pariwo lé mi lórí kí àwọn aládùúgbò gbọ́. Ó tọ́ sí mi.

Àmọ́ ilé Fẹ́mi ni kó o kọ́kọ́ yà. Ẹsẹ̀ yẹn kò lè dúró di ìgbà tí inú èmi àtìwọ máa rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.